Ohun Líle, Ohun Dúdú

Ní gbogbo àfonífojì náà, orí òkè kan ṣoṣo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń wọlé, orí òkè yẹn náà sì ni àwọn baba ńlá to òkúta jọ sí fún ẹ̀mí tó ni ilẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lo fóònù níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí òkìtì òkúta náà po lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó sì ju òkúta tirẹ̀ mọ́ ti àwọn tó ti wá ṣáájú. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun wọ ilé onílé láti wá máa pariwo "hẹ́lò" láì kí onílé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, Elyor yí i po lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni tí ajá ń lé. Ìgbà ẹ̀kẹta, eré ló fi sá a.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo ti rí i," ló wí. Ìkíni rẹ̀ kò tíì dé ìdajì tí ọ̀rọ̀ náà fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ohun tó rí yìí, láti kékeré ló ti ń wá irú rẹ̀. Ọmọ Ùsìbẹ̀kì ni Elyor, abúlé kan lẹ́bàá Jisák ni wọ́n ti bí i, kò sì lè rí okùn tó takókó kó má tú u. Ó tú àgádágodo bàbá rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje. Ó tú aago ilé ẹ̀kọ́ wọn nígbà tó di mẹ́sàn-án, kò sì rí i tò padà títí ó fi di mọ́kànlá. Nígbà tó dàgbà tán, kókó tó gbá a mú ni ọ̀rọ̀ èdè méjì: tirẹ̀, àti ti àwọn Mòngólì tó wà ní ìlà-oòrùn wọn. Ìdí nìyẹn tó fi wà ní yunifásítì ìlú Hofd nílẹ̀ Mòngólì láti ọdún mẹ́ta, níbi tí obìnrin kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Norov, ti ń kọ́ni bí a ṣe ń fi èdè wé èdè.

Èdè méjèèjì yìí á máa da ènìyàn láàmú. Tí ọmọ Ùsìbẹ̀kì bá pe wúrà, á ní "oltin"; ọmọ Mòngólì á ní "altan". Irin ń jẹ́ "temir" lọ́dọ̀ tibí, "tomor" lọ́dọ̀ tọ̀hún. Òkun, "dengiz" àti "tengis". Kìnnìún, "arslon" àti "arslan". Ojú lásán ti mọ̀ pé ìbejì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ní kí àwọn méjèèjì ka ení, èjì. Ọ̀kan á ní "bir, ikki", èkejì á ní "neg, hoyor", o ò sì ní gbà pé wọ́n ti pàdé rí láyé. Orúkọ tí wọ́n ń pe omi ò jọra, ti ojú ò jọra, ti orí ò jọra. Bí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe pín sí méjì nìyẹn. Àwọn kan ní ọmọ ìyá ni èdè méjèèjì, ogún ló tú wọn ká. Àwọn yòókù ní aládùúgbò lásán ni wọ́n, tí wọ́n ti yá nǹkan ara wọn pẹ́ débi pé kò sẹ́ni tó rántí mọ́ ẹni tó ni odó àti ẹni tó ni ọmọ odó.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, ẹ̀ka wọn yóò jókòó. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ni yóò sọ ohun tí wọ́n rí, ẹnì kan ṣoṣo ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Norov yóò mú láti bá a ṣiṣẹ́ títí yóò fi di ọ̀mọ̀wé. Àwọn mẹ́ta yòókù á di ẹrù wọn. Ní ti Elyor, ibi tí ẹrù rẹ̀ ń lọ kò fara sin: ibi tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin ti ń sun bíríkì ni. Ọkùnrin náà ti fi ṣọ́bìrì kan pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn dè é, ó sì máa ń béèrè lórí fóònù bóyá ọmọ náà ti parí eré ọ̀rọ̀ tó ń ṣe.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti kìlọ̀ fún un. Kí ó má fi ìwé atúmọ̀ èdè ṣe ẹ̀rí, nítorí ìwé ti gba ọwọ́ olùkọ́ kọjá. Kí ó lọ síbi tí ẹnu kò tíì gba ilé ẹ̀kọ́ kọjá, kí ó gba igba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà, kí ó sì gba igba ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu ará ilé tirẹ̀, kí ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti ilé rọrùn. Ó pe màmá rẹ̀, obìnrin náà sì ń dá a lóhùn bó ṣe ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì, ó ń bi í bóyá àwọn Mòngólì kò létí ni tó fi jẹ́ pé òun ni yóò sọ orúkọ etí fún un. Ibì kan péré ni Elyor ti tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. Nígbà tó béèrè irin, màmá rẹ̀ ní "ohun dúdú". Bí wọ́n ṣe ń pè é nínú ilé wọn nìyẹn láti ìgbà tó ti gbọ́njú. Lọ́dún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì ní Taṣkéntì, ó sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá pé ohun dúdú ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀dì òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì ń pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Dúdú títí ọdún fi parí. Nítorí náà ó fa igi lé ọ̀rọ̀ màmá rẹ̀, ó kọ "temir" sókè rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti ìwé.

Ti Mòngólì ló gbé e wá sí àfonífojì yìí, lọ́dọ̀ Ìyá Dulma. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ló wà nígbà tí wọ́n fi ẹṣin funfun gbé e wọ ìdílé náà, kò sì tíì sun ìta àgọ́ wọn kọjá oṣù kan láti ìgbà náà. Ojú rẹ̀ mú, ẹnu rẹ̀ mú jù ú lọ. Kò pe Elyor lórúkọ rí. "Ọmọ ìlú ẹlẹ́bàrà" ló ń pè é, nítorí ọjọ́ tí Elyor dé ló ti fi bàrà ilẹ̀ wọn yangàn, ìyá náà sì bi í bóyá bàrà ọ̀hún máa ń gbé ènìyàn gun òkè nígbà òtútù bí ẹṣin.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni Elyor fi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ á wà lórí àpótí, ìyá náà á máa sẹ́ wàrà láti inú garawa kan sí èkejì. Ohun tó ń gbọ́ yà á lẹ́nu. Ó tọ́ka sí ààrò àárín àgọ́, ó béèrè orúkọ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ìyá ní "ohun líle". Ó ya àwòrán òkun sínú ìwé. Ìyá ní "omi tí kò létí". Ó fi àwòrán kìnnìún hàn án. Ìyá ní "onígọ̀gọ̀". Nínú àwọn ọ̀rọ̀ ìbejì tí Elyor ti fi bírò pupa fàlà sábẹ́, wúrà nìkan ló ṣì bá ti Ùsìbẹ̀kì mu. Gbogbo ìyókù ti di àjèjì.

Orí ìyẹn ló kọ́lé sí. Ó ní ẹnu àwọn ará òkè yìí ni èdè Mòngólì àtijọ́ kù sí. Ó ní "tomor" àti "tengis" àti "arslan", aṣọ àyálò ni wọ́n, tí àwọn ará ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ yá lọ́wọ́ àwọn baba Ùsìbẹ̀kì, tí kò sì tíì dé òkè. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé èdè méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìyá, wọn kì í tilẹ̀ ṣe aládùúgbò àtijọ́. Gbogbo ìwé tó wà lórí ọ̀rọ̀ náà ló gbọ́dọ̀ di títúnkọ, ọmọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún kan láti Jisák ni yóò sì tún wọn kọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Norov gbọ́ ọ tán lórí fóònù. Ó béèrè pé ṣé obìnrin nìkan ló bá sọ̀rọ̀. Elyor ní obìnrin ló wà nílé, pé Mijid ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn ẹṣin. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí ó bi ọkùnrin náà kí ó tó kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé bí ó bá rí bí ó ṣe wí, ohun ńlá ni, òun yóò fi orúkọ rẹ̀ ṣáájú lọ́jọ́ Ẹtì. Nínú ọ̀rọ̀ méjì yìí, èkejì nìkan ni Elyor gbé sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè.

Mijid ti dé nígbà tó padà. Ọkùnrin tó lé ní ọgọ́ta ọdún díẹ̀ ni, ó nípọn bí òpó, ó sì jókòó síbi tí àwọn ọkùnrin ń jókòó, ó ń fi abẹ́rẹ́ ńlá rán ìjánu. Ìyá Dulma bu tíì oníyọ̀ fún Elyor. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ tó ń kó irun àgùntàn yóò gbé e lọ sí Hofd, nítorí náà ohun kan ṣoṣo ló kù: kí ó ka àwọn ọ̀rọ̀ ìlú sí ìyá náà létí, kí ẹ̀rọ sì gbà á sílẹ̀ bí yóò ti sọ pé òun kò gbọ́ wọn rí. Èyí ni òǹtẹ̀ tí yóò bù lù ú.

"Ìyá àgbà, mo fẹ́ ka ọ̀rọ̀ díẹ̀. Èyí tí ẹ bá ti gbọ́ lẹ́nu ará ibí rí, ẹ sọ fún mi."

Ìyá ní kó kà á, etí òun kò tíì kú.

Elyor gbé ohùn sókè, ó là á ketekete nítorí ẹ̀rọ. "Tomor."

Ìgbakọ dúró lọ́wọ́ ìyá náà.

"Arslan."

Ìyá gbé ojú kúrò lára rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Elyor rò pé ó ń ronú ni.

"Tengis."

Ìyá Dulma gbé ìgbakọ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó fa ìborùn rẹ̀ wá síwájú orí, ó gbé garawa, ó sì jáde. Kò bínú, kò kánjú. Ó kàn tẹrí ba díẹ̀ nígbà tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, bí ìyàwó tuntun tó ń kọjá níwájú àwọn àgbà ilé.

Elyor wo Mijid. Mijid wo Elyor, ó wo ẹ̀rọ, èjìká rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ̀rín ni. Ó rín in láìsí ariwo títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kí ìyá rẹ̀ má baà gbọ́ níta.

"Àbúrò, pa nǹkan yẹn ná," ó ní nígbà tó rí ohùn sọ̀rọ̀. "O ti pe bàbá ọkọ rẹ̀ lórúkọ. O pe ẹ̀gbọ́n ọkọ. O tún pe àbúrò ọkọ mọ́ ọn, lójú ara rẹ̀, lẹ́bàá ààrò wọn. Ọkọ nìkan lo fi sílẹ̀. Bóyá ìyẹn wà ní ojú ewé kejì."

Elyor bẹ̀bẹ̀, ó ní kí ẹ̀gbọ́n má bínú, òun kò mọ̀. Mijid rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní ọkùnrin tó kọ́kọ́ pa àgọ́ sí àfonífojì náà, bàbá bàbá òun, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ni orúkọ rẹ̀. Kìnnìún ni ó sọ ọmọ rẹ̀ àgbà, òkun ni ó sọ àbíkẹ́yìn. Láti ọjọ́ tí ìyá òun ti wọ ilé, ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta rèé, kò tíì pe ẹnì kankan nínú wọn. Kì í sì ṣe ènìyàn nìkan. Ohunkóhun tó bá bá wọn jẹ́ orúkọ, èèwọ̀ ni lẹ́nu rẹ̀. Á wá orúkọ mìíràn fún un. Mijid ní àwọn ọmọbìnrin ìgbàlódé ní ìlú ti jáwọ́, wọ́n ń pe bàbá ọkọ wọn bí ẹni ń pe ajá. Ìyá òun ní tirẹ̀, àwọn tó ń bọ̀wọ̀ fún ti kú tán, kò sì tíì jáwọ́.

"Ṣé o mọ ohun tó ń pe ọkọ̀ ojú irin?" ó bi Elyor. "Ọkọ̀ ojú líle. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn nínú ìdánwò nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì. Olùkọ́ nà mí, ó ní ta ló kọ́ mi ní irú èdè yẹn. Mo ní ìyá mi ni. Mo rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń pè é nìyẹn."

Gbogbo ilé tí Elyor kọ́ dà wó bí àgọ́ tí wọ́n fa òpó àárín rẹ̀ yọ. Àwọn ọ̀rọ̀ ìbejì náà kò kúrò ní àfonífojì yìí rí. Wọ́n wà níbẹ̀ lẹ́nu gbogbo ọkùnrin, àwọn gan-an ni wọ́n tilẹ̀ fi ń sọ ọmọ. Ọ̀wọ̀ ló pa wọ́n mọ́ lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo tí òun lọ bá. Síbẹ̀, kì í ṣe ìyẹn ló mú kí ó gbàgbé tíì ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi tutù. Ọ̀rọ̀ tí Mijid sọ gbẹ̀yìn ni. Ó dà bí ẹni pé ẹnu òun ló ti jáde. Yàrá Taṣkéntì. Bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀gbẹ́ni Dúdú.

Bàbá bàbá Elyor, tó kú kí wọ́n tó bí i, Temir ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára òkúta sàréè rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún sì ni gbogbo ilé ń lọ gbàdúrà níbẹ̀. Ẹni tó tú aago ilé ẹ̀kọ́ ń wo kókó yìí láti ọdún mẹ́rìnlélógún, kò mọ̀ pé kókó ni.

Ó tún gun òkè. Lọ́tẹ̀ yìí, ó rọra yí òkúta náà po, ó sì fara balẹ̀ yan èyí tó jù lé e. Màmá rẹ̀ ló kọ́kọ́ pè. Ó ní òun fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan sí i. Màmá rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu òun, kí ó lọ bi àwọn Mòngólì.

"Màámi, ohun tí wọ́n fi ń ṣe bàtà ẹṣin, kí lorúkọ rẹ̀?"

"Ohun dúdú. Ṣebí mo sọ ọ́ fún ọ níjọ́sí."

"Kí ni àwọn yòókù ń pè é?"

Elyor ń gbọ́ tí adìyẹ ń ké lágbàlá wọn, ní ọ̀nà ọjọ́ mẹ́fà sí ibi tó dúró sí.

"Bi bàbá rẹ," ni màmá rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ ti fẹ́ di ẹ̀rín. "Kí lo fẹ́ fi ẹnu mi ṣe lọ́jọ́ ogbó?"

Elyor bi í pé kí ló dé tí kò sọ ìdí rẹ̀ fún òun láti kékeré. Màmá rẹ̀ ní ta ló bi òun? Ọmọ tó ń béèrè bí aago ṣe ń ṣiṣẹ́ kò béèrè bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ rí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó jókòó sórí òkúta, fóònù lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ohùn ìyá náà wà nínú ẹ̀rọ, ó ń pe irin ní ohun líle ketekete. Èyí tó ṣẹlẹ̀ lónìí ṣeé pa rẹ́. Kò sí ẹnì kan nínú ẹ̀ka wọn tí yóò dé àfonífojì yìí kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Orúkọ rẹ̀ ló sì wà níwájú. Ó rí ṣọ́bìrì yẹn lójú ọkàn rẹ̀, ó tilẹ̀ rí ibi tí ọwọ́ ti fi dán lára igi rẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ àwọn aṣọ búlúù tí wọ́n so mọ́ òkìtì òkúta. Ó pe Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ìgbakọ ìyá náà títí dé orí ọ̀rọ̀ màmá rẹ̀ tó fa igi lé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Norov kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó parí, obìnrin náà bi í bóyá ó rántí pé òun ní kí ó bi ọkùnrin. Elyor ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ni.

"Ọ̀rọ̀ tí o sọ láàárọ̀ ti kú, mo sì ti yọ orúkọ rẹ níwájú," ló wí. "Kí lo wá ní lọ́wọ́?"

Elyor kò tíì rò ó débẹ̀. Ó kàn la ẹnu ni. "Obìnrin méjì ni mo ní, mà. Wọn ò mọra, wọn ò gbọ́ èdè ara wọn. Àwọn méjèèjì bá ọ̀rọ̀ kan náà nílé ọkọ, àwọn méjèèjì gbé e pamọ́ nítorí ohun kan náà. Ọ̀kan fi líle rọ́pò rẹ̀, èkejì fi dúdú. Mi ò mọ̀ bóyá ọmọ ìyá ni àwọn èdè yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi wọ́n wéra, kó ka ohun tí wọn kì í sọ mọ́ ohun tí wọ́n ń sọ."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní "agégi" ni ìyá òun ń pe àáké títí ó fi kú, ó sì tó ogójì ọdún tí òun ti rántí rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó ní kí ó máa bọ̀. Elyor ni yóò sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn lọ́jọ́ Ẹtì.

Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, ebi ti ń pa àwọn tó ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ká má fa ọ̀rọ̀ gùn: ṣọ́bìrì yẹn ṣì wà lẹ́bàá Jisák, ọmọ ẹlòmíràn ló ń lò ó.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, Elyor kò tíì mọ èyí. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá Ìyá Dulma níbi tó ti ń sá wàrà gbígbẹ sórí àgọ́, ó sì tọrọ àforíjì. Ìyá náà ní àforíjì kí ni, ṣé àlejò ni ìyàwó ilé náà tí èèwọ̀ yóò fi mú un? Ó ní kí ó bá òun gbé àtẹ kan. Nígbà tí wọ́n wọlé, Elyor mú ìwé rẹ̀ jáde. Ó ní àyè mẹ́ta ṣófo nínú rẹ̀ báyìí, òun kò sì ní ka nǹkan kan sókè mọ́. Ó kàn fẹ́ kí ìyá mọ̀ pé bí òun yóò ṣe gbé e lọ nìyẹn, ní òfìfo.

Ìyá Dulma na ọwọ́, ó gba bírò.

"Ẹnu nìkan ni mo fún wọn," ló wí. "Mi ò fún wọn lọ́wọ́."

Ọdún mẹ́rin péré ló fi lọ sílé ẹ̀kọ́, nítorí náà ó ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ahọ́n rẹ̀ yọ sí etí ètè. Ó kọ orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ irin. Ó kọ ti ẹ̀gbọ́n ọkọ. Nígbà tó kan àbúrò ọkọ, ó dúró, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ọ̀sẹ̀ tí òun wọ ilé ni ọmọkùnrin yẹn fi ọ̀pọ̀lọ́ sínú bàtà òun. Mijid ní ìyá òun kò sọ ìyẹn fún àwọn rí. Ìyá ní báwo ni òun ṣe fẹ́ sọ ọ́ láì pe orúkọ ẹni tó ṣe é? Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́, ó sì fi ìka tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń wò ó bóyá ó ti gbẹ.

Elyor gba ìwé náà. Nínú ìlà ti Ùsìbẹ̀kì, ó kọ ọ̀rọ̀ màmá rẹ̀ padà sí àyè rẹ̀, ṣáájú ti ìwé.

Ìyá ń wò ó. Ó béèrè pé màmá rẹ̀ ńkọ́, kí ni òun ń pè é? Elyor sọ fún un.

Ìyá Dulma fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara ààrò.

"Dúdú dára," ló wí. "Ṣùgbọ́n kí i fún mi, ọmọ ìlú ẹlẹ́bàrà, kí o sọ fún un pé tó bá dípẹtà, pupa ló ń dà. Líle ló máa ń pẹ́."